Ọdún mẹ́ta ní Maradi: ara yín ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ìjọ wa fẹ́ rán èmi àti ọkọ mi lọ sí Maradi ní orílẹ̀-èdè Niger fún ọdún mẹ́ta. Nọ́ọ̀sì ni mí, tíṣà ni ọkọ mi. Ọmọ wa àgbà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, àbúrò rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún kan àtààbọ̀. Oṣù méje ló kù. Kí ló yẹ ká ṣe nípa ìlera wa? Bàbá kan nínú ìjọ sọ pé ẹni tó ń lọ sí pápá Olúwa tó tún ń wá abẹ́rẹ́ kiri, ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò tíì pé. Ọ̀rọ̀ náà ń da ọkọ mi láàmú. (Ìyá ọlọ́mọ méjì, Ògbómọ̀ṣọ́)

Ìdáhùn: Arábìnrin mi, ẹ kú ìmúra. Ọ̀rọ̀ bàbá yẹn ni mo máa kọ́kọ́ dáhùn, torí bó bá ṣì wà lọ́kàn ọkọ yín, ìyókù ohun tí mo fẹ́ sọ kò ní wọ̀ ọ́ létí.

Ní 1841, Àjàyí Crowther bá àwọn òyìnbó gòkè odò Ọya. Onígbàgbọ́ pọ̀ nínú ọkọ̀ wọn, àdúrà kò sì wọ́n níbẹ̀. Síbẹ̀ ibà pa púpọ̀ nínú àwọn òyìnbó náà, àwọn tó kù sì fàbọ̀ sílé. Ní 1854, Crowther tún bá ọkọ̀ mìíràn gòkè odò kan náà; Pleiad ni wọ́n ń pe ọkọ̀ ọ̀hún. Baikie, dókítà tó ṣáájú wọn, ń fún àwọn òyìnbó ní quinine, oògùn ibà, lójoojúmọ́. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó kú. Odò yẹn kò yí padà, ẹ̀fọn ibẹ̀ kò dín kù, Ọlọ́run tí wọ́n ń pè kò yàtọ̀. Ẹ̀yìn ìrìn-àjò ti oníquinine yìí ni iṣẹ́ ìhìnrere tó wá fìdí múlẹ̀ ní Oníṣà ní 1857. Ẹ tún ka 2 Tímótì 4:20 fún bàbá náà: Pọ́ọ̀lù fi Tírófímù sílẹ̀ ní Mílétù nínú àìsàn, kò sì bá a wí pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò pé.

Ó ku oṣù méje. Inú mi dùn pé ẹ tètè bèèrè, torí ọ̀pọ̀ tó ń wá sọ́dọ̀ mi, ó máa ń ku ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n lọ. Ẹ wo abẹ́rẹ́ hepatitis B, àrùn tí ń jẹ ẹ̀dọ̀ run: ẹ̀ẹ̀mẹta là ń gbà á. Ẹ gba ti àkọ́kọ́, ẹ gba ìkejì lẹ́yìn oṣù kan, ẹ sì gba ìkẹta nígbà tó bá pé oṣù mẹ́fà sí ti àkọ́kọ́. Nọ́ọ̀sì ni yín, ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ yóò máa kan yín lọ́wọ́, ẹ ò gbọ́dọ̀ lọ láìgbà á pé. Ṣùgbọ́n ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ná, ẹ̀yin àti ọkọ yín, torí àrùn náà lè ti wà lára èèyàn láìmọ̀, abẹ́rẹ́ àjẹsára kò sì ní lé e jáde. Tí káàdì àjẹsára àwọn ọmọ bá pé, wọ́n ti gba tiwọn ní kékeré.

Ti ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ (yellow fever), ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Ó kéré tán, ẹ gbà á ní ọjọ́ mẹ́wàá kẹ́ ẹ tó rin ìrìn-àjò, káàdì rẹ̀ yóò sì wúlò títí ayé. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí láìfi bò: àwọn kan ń ta káàdì yẹn láìgún èèyàn lábẹ́rẹ́. Míṣọ́nnárì tó bá ra irú rẹ̀ ti fi irọ́ ṣí ilẹ̀kùn iṣẹ́ Ọlọ́run, ara rẹ̀ sì wà láìní ààbò. Ọ́fíìsì Port Health, ti ìjọba tó ń rí sí ìlera arìnrìn-àjò, ni kẹ́ ẹ lọ.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ní Maradi ni àrùn yírùnyírùn (meningitis). Niger wà láàárín ilẹ̀ tó ti máa ń jà, láti Sẹ̀nẹ̀gà títí dé Etiópíà. Ìgbà ẹ̀rùn ni, láti December dé June, nígbà tí eruku bá gbòde tí èèyàn sì há mọ́ra nínú yàrá. Àjẹsára tí wọ́n gún fún ọ̀pọ̀ èèyàn nígbà kan, irú àrùn náà tí wọ́n ń pè ní A nìkan ló ń dènà, irú C ló sì jà ní Zamfara àti Sokoto ní 2017. Nítorí náà, ẹ bèèrè èyí tó kó A, C, W àti Y pọ̀. Abẹ́rẹ́ yìí lówó lórí. Kí ìjọ kọ ọ́ sínú owó ìrìn-àjò yín. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí ìjọ tó ra aṣọ ẹgbẹ́jọdá fún ìsìn ìdágbére, tí kò sì rí owó àjẹsára fún ẹni tó ń lọ.

Ní ti ibà ẹ̀fọn, ara ẹ̀yin àgbà ti mọ̀ ọ́n díẹ̀ nílé, ti ọmọ kékeré yín kò tíì mọ̀ ọ́n. Ní ìgbà òjò, wọ́n ń fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní oògùn lóṣooṣù ní Niger kí ibà má bàa mú wọn. Ẹ bèèrè rẹ̀ ní ibùdó ìlera tó bá sún mọ́ yín gbàrà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Kí gbogbo yín máa sùn sínú nẹ́ẹ̀tì. Bí oyún bá sì dé, ẹ má ṣe gbọ́kàn lé agbára ara yín mọ́, torí oyún máa ń dín in kù.

Bí ara ọ̀kan nínú yín kò bá le, ẹ má fi pamọ́ fún ìgbìmọ̀ míṣọ́n. Mo ti rí arákùnrin kan tó fi ẹ̀jẹ̀ ríru pamọ́ torí ó ń bẹ̀rù kí wọ́n má sọ pé òun kò yẹ. Oògùn rẹ̀ tán níbi tí kò ti rí irú rẹ̀ rà, wọ́n sì gbé e wálé pẹ̀lú apá kan tí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ká ní ó sọ, à bá di oògùn oṣù mẹ́fà fún un, à bá sì kọ lẹ́tà dókítà ní èdè Faransé mọ́ ọn.

Ohun tí mo fẹ́ kí ọkọ yín bèèrè lọ́wọ́ ìjọ, kí wọ́n sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sórí ìwé ni pé: bí àìsàn ńlá bá dé lóru, ibo la ń lọ, ta ló ń san owó, ta ló láṣẹ láti sọ pé ká gbéra? Ọ̀pọ̀ ló máa ń dáhùn pé Katsina kò jìnnà. Òótọ́ ni, kò jìnnà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìdìtẹ̀ gbàjọba July 2023, Nàìjíríà ti ẹnubodè pa títí di March 2024. Láti January 2025 pẹ̀lú, Niger ti kúrò nínú ECOWAS, nítorí náà ẹ má fi ìtàn ẹni tó lọ lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn ṣe ètò ìwé ìgbélùú yín. Ẹ wá ìtọ́jú sínú Niger fúnra rẹ̀. Ilé ìwòsàn Danja kò jìnnà sí Maradi. Ti Galmi, tí àwọn míṣọ́nnárì ẹgbẹ́ ajíhìnrere SIM dá sílẹ̀ ní 1950, wà ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ abẹ níbẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí wọn kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, kí wọ́n ti mọ orúkọ yín.

Lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò: irú ẹ̀jẹ̀, jẹ́nótáìpù, àti hepatitis B. Tí èsì bá ti jáde, ẹ kó o wá pẹ̀lú káàdì àjẹsára àwọn ọmọ, ká lè gún abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà gan-an.