Ṣé Agbẹjọ́rò Àgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè fi kún ẹ̀wọ̀n ẹni tó pa àbúrò mi?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin lọ́yà wa, ẹ kú iṣẹ́ o. London ni à ń gbé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gún àbúrò mi lọ́bẹ pa lọ́dún tó kọjá. Ní Crown Court, àwọn júrì ní kò mọ̀ọ́mọ̀ pa á, pé manslaughter ni ó jẹ̀bi rẹ̀, adájọ́ sì fún un ní ẹ̀wọ̀n ọdún 8. Ọjọ́ 11 rèé tí wọ́n ti dá ẹjọ́ náà, oúnjẹ kò sì tíì lọ lọ́nà ọ̀fun ìyá wa dáadáa. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní kí n kọ̀wé sí Attorney General. Ẹlòmíràn ní mínísítà ni, pé bí n kò bá ní ènìyàn ńlá tó mọ̀ ọ́n, kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú. Ta ni ẹni yìí gan-an? Kí ni agbára rẹ̀? Ṣé ó lè fi kún ẹ̀wọ̀n náà?

ÌDÁHÙN

Ẹ kú ìrọ́jú o. Ẹ bá mi kí Màmá gan-an. Ọlọ́run yóò tù yín nínú.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tí kò lè dúró. Ẹ lè kọ̀wé sí Agbẹjọ́rò Àgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, ìyẹn Attorney General tí wọ́n sọ fún yín. Kò gba owó, kò gba lọ́yà, kò sì gba pé kí ẹ mọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò rí àbúrò yín sójú rí, tó kàn ka ìròyìn ẹjọ́ náà, lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ ọ́. Ìwé ẹyọ kan ṣoṣo sì tó. Pé ẹgbẹ̀rún ènìyàn fọwọ́ sí i kò sọ ọ́ di ohun tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ ọjọ́ 28 péré ni òfin fi sílẹ̀ láti ọjọ́ tí adájọ́ ti dá ẹjọ́, ẹ sì ti lo 11 nínú rẹ̀. Kì í ṣe ọjọ́ tí ìwé yín yóò débẹ̀ nìkan ni wọ́n ń kà. Láàárín ọjọ́ 28 yẹn kan náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ gba fáìlì ẹjọ́, kí wọ́n kà á, kí wọ́n pinnu, kí wọ́n sì gbé e dé ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Mo ti rí ìdílé tó dúró de ọjọ́ tó kẹ́yìn nítorí wọ́n ń wá ẹni tí yóò bá wọn kọ gẹ̀ẹ́sì tó dára. Gẹ̀ẹ́sì tó dára kọ́ ni wọ́n ń wá níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ lónìí.

Èkejì ni pé Agbẹjọ́rò Àgbà fúnra rẹ̀ kò lè fi ọjọ́ kan kún ẹ̀wọ̀n ẹnikẹ́ni. Ṣáájú ọdún 1989, bí adájọ́ Crown Court bá fún ọ̀daràn ní ìjìyà tó fúyẹ́, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn pé ìjìyà òun pọ̀ jù, ṣùgbọ́n olùpẹ̀jọ́ kò lè pè é pé ó kéré jù. Òfin Criminal Justice Act ti 1988 ló ṣí ọ̀nà náà, Agbẹjọ́rò Àgbà nìkan ló sì fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí lọ́wọ́. Yóò yẹ ìdájọ́ náà wò. Bí ó bá gbà pé ó fúyẹ́ kọjá ààlà, yóò tọrọ àyè lọ́wọ́ ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, yóò sì gbé e síwájú àwọn adájọ́ ibẹ̀. Àwọn ni wọn yóò pinnu bóyá kí wọ́n fi kún un tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ẹ bi mí pé ta ni. Láyé àtijọ́, ti ọba ni ilé ẹjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọba kò sì lè dìde nínú kóòtù ara rẹ̀ kó máa bá ará ìlú ṣẹjọ́. Ó ní láti gba ẹni tí yóò máa bá a rò ó. Àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ tó dárúkọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ jẹ́ ti ọdún 1243, nígbà tí wọ́n ń sanwó fún ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Laurence del Brok láti máa ro ẹjọ́ fún ọba. Nígbà tó fi di 1461, oyè Attorney General ti dúró, ilé ìgbìmọ̀ àwọn Lọ́ọ̀dù sì ti ń pe ẹni tó wà níbẹ̀ wá gbà wọ́n nímọ̀ràn lórí òfin.

Ìránṣẹ́ ọba pọ́ńbélé ni nígbà náà. Edward Coke, tó wà nípò náà láti 1594 sí 1606, ló ro ẹjọ́ ọ̀tẹ̀ tí wọ́n fi kan Walter Raleigh ní 1603, èébú tó sì rọ̀jò rẹ̀ lé ọkùnrin náà lórí lójú kóòtù ṣì wà nínú àkọsílẹ̀ títí dòní. Òun náà ló dojú kọ àwọn tó fẹ́ fi ẹ̀tù fọ́ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní 1605. Ohun tí ó máa ń wú mi lórí nínú ìtàn Coke ni pé nígbà tí òun fúnra rẹ̀ di adájọ́ àgbà, ó kọjú sí Ọba James pé ọba pàápàá wà lábẹ́ òfin, wọ́n sì yọ ọ́ nípò ní 1616. Ìwà rẹ̀ yí padà nítorí àga tó jókòó lé yí padà. Èyí ni kò jẹ́ kí n fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú bí a ṣe to ipò kọ̀ọ̀kan: ẹni tí ìpinnu wà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ẹni tó lè pàṣẹ fún un tún ṣe pàtàkì jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ta ló wá lè pàṣẹ fún Agbẹjọ́rò Àgbà lónìí? Ó wà nínú ìjọba. Olórí ìjọba ló máa ń dárúkọ rẹ̀, kí ọba tó fi í jẹ. Ìdí nìyẹn tí ẹni yẹn fi sọ fún yín pé mínísítà ni, kò sì parọ́. Ṣùgbọ́n ní 1924, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tí àwọn olóṣèlú ibẹ̀ kò gbàgbé. Ìwé ìròyìn àwọn kọ́múníìsì kan, Workers' Weekly, gbé ọ̀rọ̀ jáde pé kí àwọn ọmọ ogun má ṣe yìnbọn fún òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wọn. Agbẹjọ́rò Àgbà ìgbà náà, Patrick Hastings, fọwọ́ sí i pé kí wọ́n gbé olóòtú rẹ̀, J. R. Campbell, lọ sí kóòtù. Nígbà tó yá, ó fa ẹjọ́ náà sẹ́yìn. Ariwo sọ pé àwọn mínísítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló tì í. Ilé ìgbìmọ̀ dìbò lórí rẹ̀ ní oṣù kẹwàá, ìjọba Ramsay MacDonald sì ṣubú. Ìjọba àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ Lébà ní nìyẹn, kò sì pé ọdún kan.

Láti ìgbà náà, kò sí olórí ìjọba tó fẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé òun ń sọ fún Agbẹjọ́rò Àgbà irú ẹjọ́ tí yóò pè àti èyí tí yóò fi sílẹ̀. Ní 1951, Hartley Shawcross, Agbẹjọ́rò Àgbà ìgbà náà, ẹni tó ti ṣáájú àwọn olùpẹ̀jọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbi ìgbẹ́jọ́ àwọn Násì ní Nuremberg, là á mọ́lẹ̀ nínú ilé ìgbìmọ̀: Agbẹjọ́rò Àgbà lè béèrè ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀, ṣùgbọ́n ìpinnu jẹ́ tirẹ̀ nìkan, wọn kò sì gbọ́dọ̀ fipá mú un.

Nítorí náà, ẹ má wá ènìyàn ńlá kankan. Ẹ lè sọ fún aṣòfin àdúgbò yín kó bá yín kọ̀wé, kò burú, ṣùgbọ́n ìwé tirẹ̀ kò ní kọjá ìwé tiyín lórí tábìlì yẹn, ẹ má sì tìtorí pé ẹ ń dúró dè é pàdánù ọjọ́.

Mo mọ ibi tí èrò ènìyàn ńlá ti wá. Nílé, ẹnì kan náà ni Agbẹjọ́rò Àgbà ìjọba àpapọ̀ àti mínísítà fún ètò ìdájọ́; abala 150 nínú ìwé òfin 1999 pàápàá sọ pé mínísítà ni. Bẹ́ẹ̀ ló rí nígbà tí Taslim Olawale Elias gba iṣẹ́ náà ní 1960. Níbí, ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Lord Chancellor ló ń darí ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ètò ìdájọ́, ọwọ́ ibẹ̀ sì ni ọgbà ẹ̀wọ̀n wà. Ọ́fíìsì kékeré ni ti Agbẹjọ́rò Àgbà. Ó ń gba ìjọba nímọ̀ràn lórí òfin, gẹ́gẹ́ bí Lord Goldsmith, tó wà nípò náà nígbà yẹn, ṣe ṣe lórí ogun Iraq ní 2003. Ó ń bojú tó CPS, ìyẹn àjọ olùpẹ̀jọ́ ìjọba tó pe ẹjọ́ àbúrò yín. Igbákejì rẹ̀, Solicitor General, lè ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, nítorí náà bí orúkọ ẹni yẹn bá wà nísàlẹ̀ èsì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín, ẹ má rò pé wọ́n fi ìwé yín tafàlà.

Bí ikú ènìyàn yín bá ti wọ ìwádìí kọ́rónà tó mẹ́hẹ (coroner, ìyẹn òṣìṣẹ́ òfin tó ń wádìí ohun tó pa ènìyàn), Agbẹjọ́rò Àgbà náà lẹ fẹ́ bá. Láìsí ìyọ̀ǹda rẹ̀, ẹ kò lè tọ ilé ẹjọ́ gíga lọ pé kí wọ́n fagi lé e. Ní 2012 ni Dominic Grieve, Agbẹjọ́rò Àgbà ìgbà náà, gbé ọ̀rọ̀ àwọn tó kú ní pápá ìṣeré Hillsborough lọ síbẹ̀, ilé ẹjọ́ sì fagi lé ìdájọ́ kọ́rónà tí àwọn ìdílé ti ń bá jà fún ohun tó lé ní 20 ọdún.

Ó kù bí ọ̀rọ̀ yín yóò ṣe rí. Manslaughter wà lára ẹ̀sùn tí ètò yìí gbà, Crown Court ló sì dá a, nítorí náà ìwé yín kò ní já síta lẹ́nu ọ̀nà. (Ẹjọ́ Magistrates' Court, kóòtù kékeré, kò sí nínú rẹ̀. Scotland àti Northern Ireland sì ní ètò tiwọn. Lord Advocate ni wọ́n ń bá ní Scotland.) Ibi tó le ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìdájọ́. Kò tó pé ọdún 8 kéré lójú yín, tàbí pé adájọ́ mìíràn ìbá fún un ní 10. Lord Lane, adájọ́ àgbà ìgbà náà, ló fi ìlànà náà lélẹ̀ nínú ẹjọ́ ọdún 1989 kan: ìjìyà náà gbọ́dọ̀ ti bọ́ sóde pátápátá kúrò nínú ohun tí adájọ́ tó ro gbogbo ọ̀ràn náà dáadáa lè kà sí ohun tó yẹ. Ó tún ní kí a rántí pé àánú kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìdájọ́.

Ẹjọ́ ikú Arthur Labinjo-Hughes, ọmọ ọdún 6 tí wọ́n pa ní Solihull ní 2020, fi ọ̀nà méjèèjì hàn. Agbẹjọ́rò Àgbà gbé ìdájọ́ àwọn méjèèjì tó jẹ̀bi lọ sókè. Ní oṣù keje ọdún 2022, àwọn adájọ́ fi kún ẹ̀wọ̀n bàbá ọmọ náà, tó jẹ̀bi manslaughter, láti ọdún 21 sí 24. Ti obìnrin tó pa ọmọ náà, tó gbọ́dọ̀ lo ọdún 29 ó kéré tán, wọ́n fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

Èyí tó jọ tiyín jù ni ti ọlọ́pàá Andrew Harper, tó kú ní Berkshire ní 2019 nígbà tí ọkọ̀ àwọn olè wọ́ ọ nílẹ̀ lọ. Àwọn júrì ní kì í ṣe ìmọ̀ọ́mọ̀pànìyàn, manslaughter ni. Ọdún 16 ni wọ́n fún ẹni tó wa ọkọ̀, 13 fún àwọn méjì yòókù. Agbẹjọ́rò Àgbà gbé e lọ. Ní oṣù kejìlá 2020, àwọn adájọ́ ní àwọn kò ní fi kún un. Ìyàwó rẹ̀ kò dákẹ́. Ó gbé ìpolongo lọ bá àwọn aṣòfin, ní 2022 wọ́n sì yí òfin padà nípa ẹni tó bá pa òṣìṣẹ́ pàjáwìrì lẹ́nu iṣẹ́. Kò kan ẹjọ́ ọkọ rẹ̀, ti àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló kàn. Mo sọ èyí kí ẹ lè sọ òótọ́ fún Màmá: wọ́n lè kọ̀ fún yín, bí wọ́n bá sì kọ̀, kì í ṣe pé ẹ̀mí ọmọ wọn kò já mọ́ nǹkan kan lójú wọn.

Nínú ìwé yín, ẹ kọ orúkọ ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi, kóòtù tó dá a, ọjọ́ tí wọ́n dá a, ẹ̀sùn náà, àti ìdí tí ẹ fi rò pé ìjìyà náà fúyẹ́ jù. Ojú ewé kan tó. Ẹ wá "unduly lenient sentence" lórí GOV.UK, ọ̀nà ìfiránṣẹ́ wà níbẹ̀. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ nípa ọjọ́ náà pẹ̀lú, torí òfin máa ń yí padà. Ẹ má kó ẹ̀rí tuntun jọ, ohun tí adájọ́ gbọ́ lọ́jọ́ náà ni wọn yóò wò. Bí ẹ bá rántí ohun tí adájọ́ náà gbójú fò, bíi pé ẹni yẹn ti gbé ọ̀bẹ rí tẹ́lẹ̀, tàbí pé ó sá fi àbúrò yín sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ kọ ọ́ ní ṣókí.

Lẹ́yìn tí ìwé náà bá ti lọ, ẹ béèrè àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ tí adájọ́ sọ nígbà tó ń dá ẹjọ́. Ọ̀fẹ́ ni fún ìdílé ẹni tí wọ́n pa. Ẹ má dúró dè é kí ẹ tó kọ̀wé o. Ẹ sì bi ọlọ́pàá tó ń bá ìdílé yín sọ̀rọ̀ nípa Homicide Service ti Victim Support. Ọ̀fẹ́ ni ìrànlọ́wọ́ tiwọn náà, ẹ sì lè ní kí wọ́n wá ẹni tó gbọ́ Yorùbá tí yóò jókòó ti Màmá.