Gbogbo Ilé La Pè, Àwọn Kan Náà Ló Ń Wá

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àdúgbò wa. Gbogbo ilé la máa ń pè sí àpèjọ ọdọọdún wa, àmọ́ àwọn kan náà ló ń wá. Mùsùlùmí tó ń yọjú kò tó nǹkan, àwọn tí èdè wọn yàtọ̀ ń jókòó sí kọ̀rọ̀, àwọn tí kò rówó dá kì í tilẹ̀ dé ibẹ̀. Lọ́dún yìí, ìjà ti dé lórí àdúrà: apá kan ní ká yọ ọ́, apá kejì ní bí kò bá sí àdúrà, àwọn ò ní wá. Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Akọ̀wé, ẹ kú wàhálà ẹgbẹ́. Ta ló ń mú ọjọ́? Bó bá jẹ́ pé àwọn tó máa ń wá náà ló ń mú ọjọ́, tí wọ́n ń dá iye owó lé, tí wọ́n wá kọ “gbogbo ènìyàn” sára ìwé ìpè, àlejò làwọn yòókù, àlejò kì í sì í fìdí jókòó bí onílé.

Mo jókòó ti ìyá kan rí ní irú àpèjọ bẹ́ẹ̀. Oṣù Ràmàdáánì ni, oòrùn ò tíì wọ̀. Wọ́n gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó rọra tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ni atọ́kùn ètò bá pariwo nínú makirofóònù pé, “Ìyá, ẹ jẹun o!” Gbogbo ojú yí sí i. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan, kò sì pẹ́ tó fi dìde lọ. Kò sẹ́ni tó gbèrò ibi sí i. Wọn ò kàn bi ẹnikẹ́ni léèrè ni.

Ọdún Híjírà, ìyẹn ọdún tí àwọn Mùsùlùmí fi ń ka oṣù ààwẹ̀, fi nǹkan bí ọjọ́ 11 kúrú sí ọdún kàlẹ́ńdà tí gbogbo wa ń lò, nítorí náà ọjọ́ tó dára lọ́dún yìí lè bọ́ sínú ààwẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ìrun Jímọ̀ ni. Láti ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì títí di ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta, àwọn Kristẹni ìjọ Adventist ń pa Sábáàtì, ọjọ́ ìsinmi wọn, mọ́. Ẹ mú ẹnì kan láti apá kọ̀ọ̀kan wọ ìgbìmọ̀ kí ẹ tó mú ọjọ́.

Lẹ́yìn náà, kí lẹ máa jọ ṣe? Ní 1954, Muzafer Sherif, onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá, kó ọmọkùnrin 22 lọ sí àgọ́ kan ní Robbers Cave, Oklahoma, ní Amẹ́ríkà. Ó pín wọn sọ́nà méjì, ó fi wọ́n sínú ìdíje, wọ́n sì di ọ̀tá ara wọn. Wọ́n ní kí wọ́n jọ jẹun, oúnjẹ ni wọ́n ń jù lu ara wọn. Ìgbà tí omi àgọ́ dá tí wọ́n ní láti jọ wá ohun tó dí i, tí wọ́n tún jọ fokùn fa ọkọ̀ tó kọṣẹ́, ni ara wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Inú mi ò dùn sí bí wọ́n ṣe fi ọmọ ọlọ́mọ dán nǹkan wò, àmọ́ mo gba ẹ̀kọ́ ibẹ̀ gbọ́. Ẹ wá iṣẹ́ tó kan gbogbo ilé, bí gọ́tà tó dí. Ẹ fi ẹni tí èdè rẹ̀ yàtọ̀ ṣe alábòójútó apá kan, kí ògbufọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé ka iye tí olúkúlùkù dá sétígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn. Ẹni tó fọwọ́ ṣiṣẹ́ ti dá tirẹ̀.

Ní ti àdúrà, mi ò ní kí ẹ yọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mi ò fọwọ́ sí i pé kí Kristẹni ṣí ètò, kí Mùsùlùmí pa á dé, ká wá pe ìyẹn ní gbogbo ẹ̀sìn. Àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ńkọ́? Ẹni tí kò ṣe ẹ̀sìn kankan ńkọ́? Ẹ fi ìṣẹ́jú méjì sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, kí kálukú gbàdúrà sínú bó ṣe mọ̀ ọ́n, kí ẹni tí kì í gbàdúrà kàn dákẹ́. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìpè, kó má bá ẹnikẹ́ni lójijì. Àwọn tó bá fẹ́ gbà á sókè, ẹ fún wọn ní yàrá kan kí ètò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá wá ní òun ò ní wá àfi bí gbogbo ènìyàn bá ṣe àmín sí àdúrà tòun, ẹ má torí rẹ̀ lé àwọn yòókù lọ.