Kí ló kan ọ̀bẹ nínú ikú erin?

Arábìnrin kan láti Ìsàlẹ̀ Èkó béèrè ọ̀rọ̀ kan. Ó ní nígbà tí àwọn ń pín ogún bàbá àwọn, àbúrò bàbá náà dìde, ó sọ pé, “Ọjọ́ tí erin bá kú là ń rí oríṣiríṣi ọ̀bẹ.” Inú bí àwọn ọmọ. Ó fẹ́ mọ ohun tí òwe náà ń sọ gan-an, àti bóyá erin tilẹ̀ wà nítòsí Èkó.

Nílé ogún, òwe yìí máa ń ta. Ẹni tó pa á ń sọ fáwọn tó yọjú pé, “A ò rí yín nígbà tí ẹni yìí wà láàyè, ohun ìní rẹ̀ lẹ bá wá.” Bó bá jẹ́ àwọn ọmọ tó tọ́jú bàbá ni wọ́n pa á fún, wọn ò jẹ̀bi tí wọ́n bínú.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tó ti wá. Erin kì í ṣe ẹtu tí ọdẹ á gbé kọ́ èjìká. Awọ rẹ̀ nípọn débi pé níbòmíràn ó tó sẹ̀ǹtímítà 2.5. Ọ̀bẹ tó bá la apá kan ti kúnu, òmíràn á gbà á. Ẹran náà sì pọ̀ ju ohun tí agbo ilé kan lè kun kó tó bàjẹ́. Wọ́n á ránṣẹ́ sílé, tọmọdé tàgbà á gbé ọ̀bẹ, àdá àti àáké wọ igbó. Ọba ní ìpín tirẹ̀, olúọdẹ ní tirẹ̀. Kò sí bí ọdẹ aperin ṣe lè pa á ní bòókẹ́lẹ́. Gbogbo ìlú ló ń mọ̀.

Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Eyín nìkan ni ọ̀bẹ ayé ìsinsìnyí ń bá wọ igbó, òru ni wọ́n sì ń gbé e kọjá. Lọ́dún 2021, àwọn aṣọ́bodè gba nǹkan bí kílò 870 eyín erin ní Lekki níbí, pẹ̀lú ìpẹ́ akíka tó ju tọ́ọ̀nù 7 lọ. Bẹ́ẹ̀, nǹkan bí oṣù 22 ni erin fi ń lóyún. Wọ́n ṣírò pé gbogbo erin tó kù ní Nàìjíríà kò pé 400.

Ní ti ìbéèrè kejì, bẹ́ẹ̀ ni, erin wà. Ẹ má wá a lọ sí ọgbà ẹranko igbó tó wà ní Lekki o, ọ̀bọ àti ọ̀nì lẹ ó bá níbẹ̀. Igbó Omo ní ìpínlẹ̀ Ògùn ni kí ẹ dojú kọ, nǹkan bíi kìlómítà 135 sí Èkó. Ọdẹ làwọn kan lára àwọn tó ń ṣọ́ igbó náà tẹ́lẹ̀. Wọ́n mọ ipasẹ̀ erin, wọ́n mọ ìgbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì mọ ọ̀nà tí ẹni tó gbébọn máa ń gbà wọlé.