Ṣé kí àwọn ọmọ fún ọ̀bọ ní ọ̀gẹ̀dẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Dókítà ẹranko, ẹ kú iṣẹ́. Tíṣà ni mí ní Ẹ̀pẹ́. A fẹ́ kó ọmọ kíláàsì karùn-ún lọ sí Lekki Conservation Centre, kí wọ́n lè rí ẹranko ilẹ̀ wa nítòsí. Wọ́n ti ń tọ́jú ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀pà de ọ̀bọ. Ṣé kò léwu?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú làálàá àwọn ọmọ, Tíṣà. Ó léwu o. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn tán nínú bọ́ọ̀sì kí ẹ tó dé ẹnu géètì.

Àwọn ọ̀bọ ibẹ̀ kì í ṣe ẹran àhámọ́. Igbó àti irà hẹ́kítà 78 tí wọ́n fi dá ọgbà náà sílẹ̀ lọ́dún 1990 ni ilé wọn. Ọ̀bọ tó bá ti gba oúnjẹ lọ́wọ́ èèyàn rí, gbogbo báàgì tó bá rí ni yóò máa fà. Mo tẹ̀lé iléèwé kan lọ síbì kan bẹ́ẹ̀ rí. Ọmọbìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú ọ̀rá bisikíìtì ni ọ̀bọ já a gbà, èékánná rẹ̀ sì ha ọmọ náà níka. Ọmọ ò jẹ̀bi, àwa àgbà tí a ò kìlọ̀ la jẹ̀bi. Bírú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an nítorí dìgbòlugi. Ẹ má dúró wò ó bóyá yóò wú.

Ẹ tètè kúrò nílé. Àárọ̀, kí oòrùn tó mú, ni ọ̀bọ máa ń jẹ̀ kiri dáadáa. Kí àwọn ọmọ dúró jẹ́ẹ́, kí wọ́n má tẹjú mọ́ wọn, kí wọ́n má sì fẹyín sí wọn; lójú ọ̀bọ, ẹni tó fẹyín ń wá ìjà ni. Ọ̀bọ mona ni wọ́n. Ẹ ní kí wọ́n wo ìdí rẹ̀: àmì funfun méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún ìrù, ọ̀kan lósì. Bó bá ń jẹun, kí wọ́n wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bó ṣe ń wú. Àpò ló wà nínú rẹ̀, ibẹ̀ ló ń kó èso sí títí yóò fi ríbi fara balẹ̀ jẹ ẹ́. Èyí gan-an ló máa ń dùn mọ́ àwọn ọmọ jù.

Ọ̀nì tó bá la ẹnu sílẹ̀ kò bínú o, ooru ara ló ń gba ẹnu tú jáde. Bí ẹ bá rí ọ̀kín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ mọ́ ẹranko ilẹ̀ wa. Íńdíà ni irú rẹ̀ ti wá.

Afárá orí igi gùn tó mítà 401, ó sì ń mì. Ọmọ tí òòyì máa ń kọ́ kó dúró nísàlẹ̀ pẹ̀lú tíṣà kan.