Ọlẹ̀ wa bàjẹ́ nílé ìwòsàn IVF: ṣé a lè pè wọ́n lẹ́jọ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Lọ́yà. Ọdún 2023 ni èmi àti ọkọ mi ṣe IVF, ìyẹn kí wọ́n pa ẹyin obìnrin àti àtọ̀ ọkùnrin pọ̀ nínú láàbù, nílé ìwòsàn aládàáni kan ní Èkó. Ọlẹ̀ mẹ́rin, ìyẹn ẹyin tó ti gba àtọ̀, ló ṣẹ́kù tí wọ́n bá wa tọ́jú sínú yìnyín, ọdọọdún la sì ń san owó rẹ̀. Nígbà tá a padà lọ lóṣù tó kọjá, wọ́n ní gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́ torí pé kò síná fún ọjọ́ mélòó kan. Wọ́n ní a ti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, a ò lè pẹjọ́, ṣùgbọ́n àwọn á ṣe òmíràn fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ bá a bá fọwọ́ sí ìwé kan. Àbúrò ọkọ mi ní ká kó ọlọ́pàá lọ bá wọn. Kí ni ká ṣe? – Ìyàwó ilé, Ìkòròdú.

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́, arábìnrin mi. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá kúrò ńlẹ̀. Òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 ò gbà kí wọ́n mú ẹnikẹ́ni kìkì nítorí pé ó yẹ àdéhùn. Bí àbúrò ọkọ yín bá kó wọn lọ, ẹ̀yin lẹ máa sanwó epo ọkọ̀ wọn, dókítà náà sì lè padà pè yín lẹ́jọ́. Bó bá jẹ́ pé ẹ ní ẹ̀rí pé wọ́n gbé ọlẹ̀ yín fún ẹlòmíràn ni, ìyẹn á di ọ̀ràn míì.

Ó wá ku “a ti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù.” Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi í gbọ́. Ìwé ìyọ̀ǹda ni ìwé yẹn. Ohun tó ń sọ ni pé wọ́n ti ṣàlàyé ewu iṣẹ́ náà fún yín, ẹ sì gbà á bẹ́ẹ̀. Ewu ni pé ọlẹ̀ lè má yè é nígbà tí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò nínú yìnyín. Ewu ni pé wọ́n lè gbé e sínú ilé ọmọ kó má dúró. Bó bá jẹ́ irú ìyẹn ló ṣẹlẹ̀, kò sẹ́jọ́ ńbẹ̀, lọ́yà tó bá sì ní òun máa gba owó fún yín lórí ẹ̀, owó tiyín ló ń wá. Ṣùgbọ́n kí òṣìṣẹ́ gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ lágbájá sára ọlẹ̀ làkáṣègbè, àìbìkítà nìyẹn. Ẹni tó wọ dánfó mọ̀ pé jàǹbá lè ṣẹlẹ̀. Kò torí ìyẹn gbà kí dírẹ́bà mutí yó. Òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà, ìyẹn FCCPA ti ọdún 2018, ò sì gbà kí ẹni tó ń ta iṣẹ́ fún aráàlú fi ìwé yọ ara rẹ̀ nínú àìbìkítà tó burú jáì. Bóyá tiyín burú tó bẹ́ẹ̀, adájọ́ ló máa sọ. Mi ò tíì rí fáìlì yín.

Iná tí wọ́n ní kò sí yẹn gan-an ló mú ara fu mí. Táǹkì ọlẹ̀ kì í ṣe fíríìjì! Ó dà bíi fúláàsì ńlá tí wọ́n da náítírójìn olómi sí, tó tutù dé 196 ìsàlẹ̀ òdo lórí ìwọ̀n Celsius. Kò bá NẸ́PÀ da nǹkan kan pọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni omi náà ń fẹ́ lọ, èèyàn ló gbọ́dọ̀ máa wọ̀n ọ́n, kó máa bù kún un. Bó bá gbẹ, á jẹ́ pé ẹnì kan ò bù kún un, tàbí táǹkì ló bàjẹ́. Ní Cleveland, Amẹ́ríkà, lóṣù kẹta ọdún 2018, ẹyin àti ọlẹ̀ tó lé ní 4,000 bàjẹ́ nínú táǹkì kan. Wọ́n ti pa ẹ̀rọ tó yẹ kó ké sí òṣìṣẹ́. Láàárín ọjọ́ yẹn kan náà, táǹkì míì bàjẹ́ ní San Francisco. Lórí ti San Francisco yìí, lọ́dún 2021, àwọn aráàlú tí kóòtù yàn láti dá ẹjọ́ náà ní kí wọ́n san nǹkan bíi mílíọ̀nù 15 dọ́là fún èèyàn márùn-ún, ilé iṣẹ́ tó ṣe táǹkì ni wọ́n sì di èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀bi lé lórí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má retí irú owó yẹn ní kóòtù Ìkẹjà.

Ẹ̀rí lẹ máa wá báyìí. Ẹ kọ lẹ́tà, kí wọ́n bu ọwọ́ gbà á lórí ẹ̀dà tiyín, pé ẹ fẹ́ ẹ̀dà fáìlì yín: iye ọlẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n gbé e sí yìnyín, àti ìwé tí wọ́n fi ń ṣàkọsílẹ̀ náítírójìn. Rìsíìtì àti ọ̀rọ̀ WhatsApp, ẹ má pa ìkankan rẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ wá onímọ̀ ọlẹ̀ láti ibòmíràn tó máa lè dúró ní kóòtù. Lọ́dún 2006, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Nàìjíríà dá ẹjọ́ obìnrin kan tó ń wá ọmọ. Abẹ́rẹ́ tó kán ni wọ́n fi sílẹ̀ nínú ikùn rẹ̀ nílé ìwòsàn fásitì Benin, X-ray sì fi hàn. Síbẹ̀ ó jẹ̀bi ní kóòtù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, torí pé kò mú onímọ̀ ìṣègùn wá jẹ́rìí sí i pé àìbìkítà ni. Mo máa ń sọ ẹjọ́ yìí fún gbogbo ẹni tó bá wọ ọ́fíìsì mi tó ń sunkún.

Ẹ lè fi ìwé ìbúra fẹjọ́ dókítà sun MDCN, ìyẹn àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ àwọn dókítà ní Nàìjíríà. Wọ́n lè dá a dúró tàbí yọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò ní san kọ́bọ̀ fún yín, òṣìṣẹ́ láàbù tí kì í ṣe dókítà ò sì sí lábẹ́ wọn. Ní Èkó, ọdún mẹ́ta ni òfin fún ẹni tí àìbìkítà pa lára láti fi pẹjọ́, mẹ́fà fún àdéhùn tó yẹ̀. Owó ìtọ́jú tẹ́ ẹ ń san lọ́dọọdún yẹn, àdéhùn ni. Ẹni tí tirẹ̀ bá jẹ́ ilé ìwòsàn ìjọba, kó sáré: oṣù mẹ́ta péré lè jẹ́ gbogbo àkókò tó ní.

Ìwé tí wọ́n ní kẹ́ ẹ wá fọwọ́ sí báyìí ló ń bà mí lẹ́rù. Bí mi ò bá ṣì í, ohun tó máa wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni pé ẹ ti gba gbogbo ẹ̀tọ́ yín, ọ̀rọ̀ ti parí láéláé. Fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ ò lè tì yín mọ́ta. Èyí lè ṣe é. Ẹ má fọwọ́ sí i kí lọ́yà tó kà á, kò dandan kó jẹ́ èmi. Kẹ́ ẹ sì bi wọ́n bóyá owó oògùn àti abẹ́rẹ́ wà nínú “ọ̀fẹ́” yẹn, torí ibẹ̀ ni owó ńlá máa ń wà, ẹyin tí wọ́n sì máa gbà lára yín lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ẹyin ọdún 2023 mọ́.