Ọmọ mi mọ gbogbo ẹ̀, kí ló tún wá lọ síbẹ̀?

"Ọmọ ọdún 15 ni ọmọbìnrin mi. Èmi fúnra mi ni mo la ọ̀rọ̀ oyún àti HIV yé e, kò sí èyí tí kò mọ̀. Ó ní lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́ lòun ń lọ, ilé ọmọkùnrin kan ní Ìjàpọ̀ ni mo ti ká a mọ́, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀. Ó ní nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ṣé kí n mú un lọ sọ́sibítù, kí wọ́n wò ó bóyá ìbálé ẹ̀ ṣì wà?" Ìyá Ọmọ, Arákalẹ̀, Àkúrẹ́.

Ìyá Ọmọ, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Kò sí dókítà tó lè fojú wo ara obìnrin kó mọ̀yẹn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí wọ́n pa àyẹ̀wò náà tì láti 2018. Ẹ fi pẹ̀lẹ́ bi í. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, oògùn tó ń dènà HIV kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí 72, ti oyún kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ 5. Kó tètè yá ló dáa jù.

Ẹ ní ó mọ gbogbo ẹ̀. Mo gbà. Ọmọ ọdún 15 tó jókòó ti ìyá ẹ̀ ní pálọ̀ lè ronú bí àgbà. Ṣé pálọ̀ ni wàhálà wà ni? Apá ọpọlọ tó ń wá adùn máa ń gbóná nígbà ìbàlágà. Èyí tó wà lẹ́yìn iwájú orí, tó ń sọ pé "dúró ná", kì í gbó tán títí di nǹkan bí ọdún 25. Ní 2005, Margo Gardner àti Laurence Steinberg ní Amẹ́ríkà ní kí ọ̀dọ́ àtàgbà wa mọ́tò nínú géèmù. Bí ọ̀rẹ́ bá ń wò wọ́n, àwọn ọ̀dọ́ a máa fi ara wewu ju ìgbà tí wọ́n dá wà lọ; ti àwọn àgbà ò yí padà. Ẹ̀yin náà kúkú sọ pé òun nìkan kọ́ lẹ bá ní Ìjàpọ̀.

Ẹ jọ fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré nígbà tára tutù. Ẹ ṣe bí ọmọkùnrin náà: "Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ ti gbà, ìwọ ńkọ́?" Kó fèsì. Ẹ̀yin méjèèjì á rẹ́rìn-ín (ojú á tì yín díẹ̀ pẹ̀lú), ẹ tún un ṣe títí èsì á fi mọ́ ọn lẹ́nu. Kí ẹ sì jọ mú ọ̀rọ̀ kan tó jẹ́ ẹ̀yin méjèèjì nìkan lẹ mọ ìtumọ̀ ẹ̀. Bó bá ti tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ pé "Ṣé ẹ ti ra iyọ̀?", ẹ pè é, ẹ jágbe mọ́ ọn pé kó máa bọ̀ nílé kíá. Kó lè di ẹ̀bi yín lójú àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀. Kí owó ọ̀kadà wà lọ́wọ́ ẹ̀. Bó bá ní kí ẹ wá gbé òun lálẹ́, ẹ lọ, ẹ dákẹ́ títí ẹ ó fi délé. Ìbéèrè di ọjọ́ kejì.

Ní ti irọ́ lẹ́sìn, ẹ bá a wí. Ẹ lè gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀, àmọ́ ẹ dá a padà kó tó tún jáde. Òun ni yóò fi béèrè iyọ̀.