Ṣé mo lè lo láíbùrárì open source nínú sọ́fítíwia tí mo fẹ́ tà?

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ lè lo láíbùrárì open source, ìyẹn kóòdù tí ẹlòmíràn ti kọ tó sì ṣí sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn, ẹ sì lè ta sọ́fítíwia yín. Láísẹ́ńsì tó wà lórí rẹ̀, ìyẹn ìwé àṣẹ tó sọ bí ẹ ṣe lè lò ó, ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Láísẹ́ńsì MIT àti BSD ò le rárá: ẹ ṣáà má yọ orúkọ ẹni tó ni ín àti ọ̀rọ̀ láísẹ́ńsì náà kúrò. Ẹ ṣí ètò fóònù yín, ẹ wo ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa fóònù náà. Ẹ ó rí ojú ewé gbọọrọ kan tí ẹnikẹ́ni kì í kà. Irú rẹ̀ ni kí ẹ ṣe. Apache 2.0 fẹ́ jọ wọ́n, àmọ́ ó ní ọ̀rọ̀ páténtì (ẹ̀tọ́ lórí ìhùmọ̀) nínú.

Láísẹ́ńsì GPL ló gba sùúrù. Tí ẹ bá so ó pọ̀ mọ́ kóòdù yín, tí ẹ wá gbé e fún oníbàárà, oníbàárà náà lẹ́tọ̀ọ́ sí kóòdù gbogbo rẹ̀ lábẹ́ GPL kan náà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2008, Free Software Foundation, àjọ tó kọ GPL, pe ilé-iṣẹ́ Cisco lẹ́jọ́ nítorí irú èyí, lórí Linksys, ẹ̀rọ ìntánẹ́ẹ̀tì tí Cisco ń tà nígbà náà. Nígbà tí wọ́n parí rẹ̀ lọ́dún 2009, Cisco san owó, ó sì gbà láti yan ẹni tí yóò máa rí i pé wọ́n ń tẹ̀lé láísẹ́ńsì náà.

LGPL, ẹ̀yà GPL tó rọ̀ díẹ̀, gbà kí ẹ pa kóòdù tiyín mọ́, bí oníbàárà bá ṣáà lè fi ẹ̀dà mìíràn rọ́pò láíbùrárì náà. Tó bá jẹ́ orí sáfà yín nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́, tí ẹ ò gbé e fún oníbàárà, GPL ò béèrè nǹkan kan; láíbùrárì AGPL (ẹ̀yà GPL tó kan ohun orí sáfà) tí ẹ bá tún ṣe ni yóò ní kí ẹ fún àwọn tó ń lò ó ní kóòdù.

Èyí tí ò ní fáìlì LICENSE kankan ńkọ́? Ẹ má fọwọ́ kàn án, àfi tí ẹni tó kọ ọ́ bá fún yín láṣẹ.